Kílípà Oníwáyà àbí Oníṣáàjì, Lókọ́ọ̀tì àbí Féèdì: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Máa Gẹ Irun Ọkùnrin Nílé

Ohun méjì lẹni tó bá fẹ́ máa gẹ irun ọkọ, ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ nílé máa yàn: irinṣẹ́ tó máa lò, àti irú irun tó máa gẹ̀. Ẹwà lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan irun, owó ni wọ́n fi ń yan kílípà. Ìwọ̀n tiwa nínú ìfiwéra yìí yàtọ̀ sí méjèèjì: èyí tí àṣìṣe rẹ̀ bá ṣeé tún ṣe lórí ìjókòó kan náà ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́wọ́ mú. Irun orí kì í fi bẹ́ẹ̀ hù ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lóṣù. Bí kílípà tí kò ní gáàdì, ìyẹn eyín bí òòyà tí a ń fi kọ́ ẹnu kílípà kó má baà gé irun kúrú jù, bá ṣèèṣì gba ibi tó yẹ kó wà ní mílímítà mẹ́ta kọjá, bí ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹni ẹlẹ́ni yóò fi máa dé fìlà kiri Ìlọrin, ì báà jẹ́ nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà.

Kílípà oníwáyà àti kílípà oníṣáàjì

Òòfà ló ń wa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kílípà oníwáyà tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn bábà. Bí iná bá wọ wáyà tí wọ́n ká sínú rẹ̀, wáyà náà á di òòfà, á fa apá irin tó gbé abẹ òkè, sípíríìnì á sì dá a padà. Iná ilé wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìyípo àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìfà méjì ló sì wà nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí abẹ fi ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí iná bá rẹlẹ̀, bíi tọwọ́ alẹ́ tí gílóòbù kàn ń pọ́n lásán, iye yẹn ò ní dín, ṣùgbọ́n abẹ ò ní lè lọ jìnnà mọ́. Eyín òkè ò ní kọjá eyín ìsàlẹ̀ tán, irun á há sáàárín wọn, kílípà á wá máa fa irun tu dípò kó gé e. Ẹni tó jókòó á ní ẹ ò mọ iṣẹ́. Iná ni ò mọ iṣẹ́.

Tó bá di orí jẹnẹrétọ̀ kékeré, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ìyípo iná rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Bí fìríìjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná tàbí epo ń tán lọ, kílípà á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo gbàgbàgbà bíi pé ohun kan ti já nínú rẹ̀. Síkúrù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílípà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fọwọ́ kàn rí, torí ìyẹn ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Ẹ tan kílípà, ẹ máa yí síkúrù náà títí ariwo yẹn á fi jáde, kí ẹ wá máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí á fi dákẹ́. Ibi tó ti dákẹ́ gan-an ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá ti orí iná NEPA bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, ẹ tún un ṣe. Ínfátà ńkọ́? Èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára, ìyẹn ni pé iná rẹ̀ ń yípo bíi ti NEPA, ò ní wàhálà. Lórí àwọn olówó pọ́ọ́kú, kílípà olóòfà máa ń kùn, ó sì máa ń gbóná lọ́wọ́.

Kílípà tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó fi bọná. Tí ẹ bá rí 120V 60Hz níbẹ̀ tó sì jẹ́ olóòfà, iná wa á jó o lójú ẹsẹ̀. Tàràńsífọ́mà tó ń sọ 220 di 110 lè gbà á lọ́wọ́ ikú, àmọ́ kò lè sọ 50 Hz di 60: abẹ tí wọ́n ṣe láti máa sáré 7,200 á sọ̀kalẹ̀ sí 6,000, ara kílípà á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Orí kan péré ni kí ẹ fi gẹ̀ kó tó sinmi. Oníṣáàjì tí wọ́n kọ 100–240V sára ṣájà rẹ̀ ò ní ìṣòro yìí rárá.

Kílípà oníṣáàjì kì í lo òòfà bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì kékeré tó ń yí pooyì ló wà nínú rẹ̀, bátìrì ló sì ń bọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ kéré, èyí sì ṣe pàtàkì fún ọmọdé tó ń sunkún bó bá gbọ́ ariwo oníwáyà. Kò ní wáyà tó máa kọ́ ẹni tó jókòó lọ́rùn. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù, tí ọ̀pọ̀ ò kà sí, ni pé ẹ lè gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, yálà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni o, tàbí iwájú ilé, dípò kí ẹ rọ̀ mọ́ ihò iná inú pálọ̀ tó ṣókùnkùn.

Ibi tó kù sí: bí bátìrì ṣe ń lọ sílẹ̀ ni abẹ ń lọ́ra, irun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Irun tó kún tó sì le, tí wọn ò gẹ̀ fún oṣù méjì, lè dá àwọn olówó kékeré dúró pátápátá. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ orí kankan tí ṣáàjì ò bá kún, torí orí tí a gẹ̀ dé ìdajì kí kílípà tó kú ò ṣeé gbé jáde. Bátìrì lithium ò fẹ́ kí a lò ó gbẹ pátápátá kí a tó ṣáàjì. Ẹ má sì kó o pamọ́ fún oṣù mélòó kan ní òfìfo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá bátìrì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, torí bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ kú lára rẹ̀, abẹ á sì ṣì dára.

Tiwa ni pé: ilé tí ọkùnrin kan tàbí méjì bá wà, oníṣáàjì tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe wà lára iná ni kí ẹ rà. Ẹ fi ojú ara yín dán apá ìgbẹ̀yìn yẹn wò ní ìsọ̀, nítorí àwọn kan kì í ṣiṣẹ́ rárá bí wáyà ṣáàjì bá ṣì wà lára wọn. Ilé tí ọmọkùnrin pọ̀ sí, tí orí mẹ́rin sí márùn-ún máa jókòó tẹ̀lé ara wọn lọ́jọ́ Sátidé, oníwáyà ló máa gbà á. Kì í rẹ̀ ẹ́, abẹ rẹ̀ sì máa ń gba pípọ́n.

Kí ẹ tó sanwó

Yálà ní Ọjà Ọba n'Ílọrin lẹ ti rà á ni o, tàbí ní ọjà Òwódé l'Ọ́fà, ẹ ní kí wọ́n tan án. Ẹ wo eyín abẹ méjèèjì nínú ìmọ́lẹ̀: eyín òkè gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀ sí ti ìsàlẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì tò lọ gbọọrọ. Bí eyín òkè bá yọ síwájú, ẹran ara ló máa gé. Ẹ gbé e lé inú apá yín láìtẹ̀ ẹ́. Bó bá ha yín ní pupa, ẹ má gbà á, àyàfi tí ẹ bá mọ̀ bí a ṣe ń tú síkúrù méjì abẹ́ rẹ̀ tí a sì ń fa abẹ sẹ́yìn. Èyí tí kò ní lífà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ọwọ́ kékeré tí àtàǹpàkò fi ń sún abẹ sókè sódò, kò wúlò fún ẹ̀gbẹ́ orí tó máa kéré. Ó mọ sórí lókọ́ọ̀tì.

Gáàdì ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò jù. Ẹ fi kọ́ kílípà, kí ẹ sì fi ìka tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gáàdì tó ń mì máa jábọ́ nígbà tí kílípà bá wà láàárín orí, kò sì sí àṣìṣe tó burú tó ìyẹn nínú iṣẹ́ yìí: ojú ọ̀nà kan gbalasa, tó fẹ̀ tó abẹ, láti ìpàkọ́ lọ sí àtàrí. Èyí tó ní irin tó ń há mọ́ kílípà dára ju oníke lásán lọ.

Nọ́ńbà tó wà lára gáàdì tún ń dààmú èèyàn. Lára ọ̀pọ̀ kílípà oníwáyà, nọ́ńbà 1 jẹ́ mílímítà 3, nọ́ńbà 2 jẹ́ 6, nọ́ńbà 3 jẹ́ 10, nọ́ńbà 4 jẹ́ 13. Gáàdì ìdajì jẹ́ 1.5, ọ̀kan àbọ̀ sì jẹ́ 4.5. Ṣùgbọ́n lára púpọ̀ nínú àwọn oníṣáàjì, mílímítà gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí náà "3" tiwọn ò ju "1" ti àwọn tó kù lọ. Ẹni tó bá ń lo kílípà tuntun tó sì mú "3" bó ṣe máa ń mú un tẹ́lẹ̀ á gé irun dé ìdá mẹ́ta ohun tó ní lọ́kàn. Ẹ wá "mm" lára gáàdì. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ fi rúlà wọn eyín rẹ̀.

Àlùmọ́gàjí pẹ̀lú òòyà? Ó dára fún títò òkè irun tó ga, kò dára fún ẹ̀gbẹ́ kúkurú. Irun wa tó ń ká kì í jẹ́ kó gé déédéé níbi tó bá ti kéré sí sẹ̀ǹtímítà kan. Abẹ tàbí rẹ́sà, ti fífárí ni. Àwọn onígbàjámọ̀ tó ń fá orí ìkókó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ní ọwọ́ tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Ẹ má fi ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ kọ́ṣẹ́.

Irun mẹ́rin, ewu mẹ́rin

Lókọ́ọ̀tì ni gáàdì kan lórí gbogbo orí. Ogún ìṣẹ́jú tó o. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ibi tí kílípà ò dé, ìyẹn sì ṣeé padà sí. Ó bá òfin ilé-ìwé mu, ó bá ilé-kéwú mu, ó sì máa ń hù déédéé, ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin sílẹ̀ kí ẹ tó tún un gẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í mọ̀ ni pé ibi tí kílípà kọjú sí ń yí ìwọ̀n irun padà. Gáàdì 1 tó lọ lòdì sí bí irun ṣe ń hù á gé e kúrú. Gáàdì 1 kan náà tó bá irun lọ á fi irun sílẹ̀ tó dúdú, tó sì fẹ́ jọ ti gáàdì 2. Ẹni tó bá ń da ìhà méjèèjì pọ̀ á rí àbàwọ́n dúdú àti funfun káàkiri, á sì máa bú kílípà.

Tépà ni kí gbogbo orí wà ní gáàdì kan, kí ẹ̀bátí àti ẹ̀yìn ọrùn nìkan máa kéré lọ sísàlẹ̀, láàárín ibi tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Bí ẹ bá ṣì í, ibi kékeré lẹ ṣì. Bí ẹ kò bá sì ṣì í, irun náà á dà bíi ti bábà, nítorí etí irun lojú èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Eléyìí la máa kọ́kọ́ ní kí ẹ mú tí ẹ bá ti gẹ lókọ́ọ̀tì bí ẹ̀ẹ̀mẹta láìsí ìjà nílé.

Féèdì ni ẹ̀gbẹ́ àti ìpàkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ kékeré nísàlẹ̀ tó wá ń dúdú lọ sókè láìsí ìlà kankan láàárín. Wákàtí kan gbáko ni ẹ máa lò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹwà rẹ̀ ń gbé. Ó ṣeé ṣe nílé, bí gáàdì ìdajì tàbí lífà bá wà, tí ìmọ́lẹ̀ sì dára.

Féèdì tó dé awọ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán, ẹ fi í sílẹ̀ fún bábà. Kò sí gáàdì láàárín abẹ àti ara, nítorí náà kò sí àṣìṣe rẹ̀ tó ṣeé tún ṣe. Àpá gbogbo tó wà lórí máa hàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti hù. Irun wa tó ń ká tún máa ń yí padà wọ ara bí a bá gé e mọ́ awọ jù, á di kókó, pàápàá lẹ́yìn ọrùn. Ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tún wà níbẹ̀: hádíìsì tí Ibn Umar gbà wá, tó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim, sọ pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ qaza, ìyẹn kí a fá apá kan orí kí a sì fi apá kan sílẹ̀. Àwọn àáfà kan ka féèdì tó dé awọ mọ́ ọn. Bí ọmọ bá ń lọ sí ilé-kéwú, ẹ bi àáfà rẹ̀ kí ẹ tó gbé kílípà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bí féèdì ṣe ń lọ

Ká ní òkè orí máa wà ní gáàdì 4, kí ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ dé gáàdì 1.

Irun gbọ́dọ̀ gbẹ. Irun tó ń ká máa ń nà bó bá tutù, á sì sún padà bó bá gbẹ, nígbà yẹn lẹ máa rí i pé ibi kan ga, ibi kan kúrú. Ẹ fọ orí lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ má fi ìpara sí i, torí ọ̀rá máa ń di eyín kílípà. Ẹ fi òòyà yà á kó dìde. Ẹ gbé àga síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti ń wọlé láti iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́. Gílóòbù tó wà lókè orí ń dá òjìji sábẹ́ egungun ìpàkọ́, òjìji yẹn á jọ ìlà dúdú, ẹ ó sì máa gé ibi tí kò ṣẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò náà ò dáa, bó tilẹ̀ tutù: òjìji ewé ń rìn lórí irun.

Gáàdì 4 ló kọ́kọ́ máa lọ káàkiri gbogbo orí, lòdì sí bí irun ṣe ń hù. Ẹ gba ojú kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, nítorí irun tó ká máa ń sùn lé ara wọn. Ní àtàrí, níbi tí irun ti ń yí, ẹ gbà á láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lẹ́yìn náà gáàdì 2, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn. Níbo ló máa dúró sí? Ẹ mú òòyà, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí, kí ó dúró ṣánṣán. Ibi tí orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòyà sílẹ̀ láti yí wọ òkè, ibẹ̀ ni òpin. Gáàdì 2 ò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Bí kílípà bá ti ń súnmọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ yí síta kí kílípà yọ kúrò lára orí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí kílípà máa tẹ̀lé orí lọ ni orí á ga lọ́wọ́ rẹ̀ bí fìlà abetí-ajá tí a gbé ka orí, ìsàlẹ̀ á sì ṣí gbalaja.

Ẹ̀kẹta, gáàdì 1, lífà ní pípadé. Ìka méjì lókè etí ló mọ. Lẹ́yìn, ó dúró sábẹ́ egungun tó yọ ní ìpàkọ́. Ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ etí sílẹ̀. Kòtò wà lẹ́yìn etí àti lábẹ́ egungun yẹn, kílípà tó fẹ̀ kì í wọ inú wọn. Igun abẹ nìkan lẹ máa lò níbẹ̀.

Ìlà méjì á ti wà báyìí: ọ̀kan láàárín 1 àti 2, èkejì láàárín 2 àti 4. Ti òkè rọrùn. Gáàdì 3, lórí ìlà nìkan, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń yọ síta. Ti ìsàlẹ̀ ló ń fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn. Ẹ fi gáàdì ọ̀kan àbọ̀ gbà á. Bí kò bá sí, gáàdì 1 tí a ṣí lífà rẹ̀ sílẹ̀ tán ń ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ jọ ọ́. Ìka kan ni gíga ibi tí ẹ máa fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti lífà dé ìdajì, kí ẹ gba apá ìsàlẹ̀ ìlà yẹn nìkan. Kílípà kì í dúró: á kàn án, á yọ, á kàn án, á yọ.

Bí ìlà dúdú bá ṣì kù, irun òkè ìlà ló gùn jù. Ẹ fi òòyà gbé e dìde, ẹ sì fi igun abẹ gba ibẹ̀ pẹ̀lú gáàdì kan náà. Bí ìlà bá funfun, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ìyẹn túmọ̀ sí pé gáàdì kékeré ti gòkè kọjá ibi tó yẹ, kò sì sí gígé kankan níbẹ̀ tó máa dá irun padà. Gbogbo ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ dín ìwọ̀n irun tó wà lókè rẹ̀ kù díẹ̀, kí féèdì náà di gíga ju bí ẹ ṣe ní lọ́kàn. Ẹ sì ṣe ìhà kejì bákan náà, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti gáàdì ńlá wá sí kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ bábà tó mọṣẹ́ máa ń ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi fóònù ya ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ibi tó jìn tó apá méjì. Fọ́tò máa ń fi ìlà tí ojú ti mọ́ lára hàn.

Etí irun: kílípà kékeré tàbí rẹ́sà

Rẹ́sà ń mú etí irun mọ́ kedere ju kílípà kékeré lọ, ó sì tún ń mú ẹ̀jẹ̀ àti kókó wá jù ú lọ. Ẹ lo kílípà kékeré. Ẹ dì í mú kó dojú kọlẹ̀, kí ẹ tẹ eyín rẹ̀ lé orí ìlà, kí ẹ gbé e kúrò. Ẹ má wọ́ ọ lọ bí ẹni ń fi rúlà fala. Ibi tí irun iwájú ti ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹni tó bá ń fà á sẹ́yìn kí igun lè mú, mílímítà kan lónìí, mílímítà kan lọ́sẹ̀ méjì sí i, á sọ iwájú orí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún di ti bàbá àgbà, tí àwọn irun kéékèèké á sì máa hù níwájú ìlà.

Lẹ́yìn ọrùn, bí kókó líle bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má sún mọ́ awọ rárá. Ẹ fi gáàdì 1 sílẹ̀ níbẹ̀. Gígé e mọ́lẹ̀ léraléra ló ń mú kí kókó bẹ́ẹ̀ tóbi kó sì so pọ̀, iṣẹ́ dókítà awọ ara ló sì kù lẹ́yìn ìyẹn.

Sípíríìtì, kẹrosíìnì, Jik, àpótí oníná

Kẹrosíìnì máa ń fọ ọ̀rá kúrò lára abẹ, kì í pa kòkòrò àrùn bó ṣe yẹ, iná sì ń ràn án. Àpótí oníná búlúù tí àwọn bábà ń kó kílípà sí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá dé nìkan ló ń ràn lọ́wọ́. Ìdọ̀tí irun tó wà láàárín eyín ń ṣíji bo kòkòrò. Fún ilé, sípíríìtì ló dára jù. Ẹ pa kílípà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá irun kúrò, kí ẹ wá fi sípíríìtì rin abẹ náà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má wọ́n ọn sí kílípà tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣì gbóná.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan abẹ, ẹ tú u. Kòkòrò Hepatitis B, ìyẹn àrùn ẹ̀dọ̀ kan, lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ẹ fi ọṣẹ fọ abẹ náà, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú Jik fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ara ike rẹ̀ bá kọ 3.5%, ìwọ̀n Jik kan sí ìwọ̀n omi mẹ́fà. Ẹ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró sí i lójú ẹsẹ̀, torí Jik máa ń mú irin dípẹtà. Òróró ńkọ́? Ti kílípà tàbí ti máṣíìnì ìránṣọ, ẹ̀kán mẹ́ta sórí eyín, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí kílípà ṣiṣẹ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ nù ún. Òróró ẹ̀pà àti àdín máa ń dì, wọ́n á sì so abẹ pọ̀.

Ọmọ tí làpálàpá wà lórí rẹ̀, ẹ má gẹ irun rẹ̀ pẹ̀lú kílípà ilé. Ìpara nìkan kì í wo ti orí. Oògùn mímu ni dókítà máa ń kọ fún un. Bí ẹ bá ti gẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó rí i, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gbogbo gáàdì, ẹ rẹ abẹ àti gáàdì sínú Jik bí ti òkè yìí, kí ẹ sì máa wo orí àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹni tó fẹ́ gẹ tara rẹ̀

Lókọ́ọ̀tì ni. Dígí méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lọ́wọ́, máa ń da ojú rú, ọwọ́ á sì máa lọ síbi tí ojú ò rán an. Fún tépà, ẹ lè ṣe ẹ̀bátí méjèèjì fúnra yín níwájú dígí kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ọrùn, ẹ fi ìka wá ibi tí irun ti parí, kí ẹ so tẹ́ẹ̀rẹ́ aṣọ tàbí ìgbànú rọ́bà mọ́ ọrùn ní ibẹ̀, kí ẹ fi kílípà kékeré tẹ̀lé e lábẹ́. Tí ẹnì kan bá wà nílé, ẹ pè é kó wá gbà á fún yín. Ìṣẹ́jú méjì ni yóò gbà.